Gbogbo Ohun Tó Tutù Kọ́ Là Ń Sá

Bí àlejò bá wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀dán, tó gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń mi orí, tó ń sọ pé, "Gbogbo ohun tó tutù kọ́ là ń sá," á rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí èlùbọ́ ni. Kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe èlùbọ́. Láṣebìkan ló ni òwe náà, kò sì rí i he lọ́fẹ̀ẹ́.

Láṣebìkan ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lábẹ́ igi ọ̀dán ńlá ìlú náà, èyí tí òjìji rẹ̀ tó gbogbo àdúgbò í jókòó sí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá omi ṣọ̀tá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, á da omi kúrò nínú bẹntiróòlù, á tú wáyà inú rẹ̀, á sá a sórí páànù. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á tún máa ké.

Ilé ìwòsàn ìlú wá fẹ́ gba ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa fún fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní iná. Wọ́n ní ẹni tó bá yege nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni yóò di alábòójútó rẹ̀. Láṣebìkan ti sọ kiri pé ipò náà ti di tòun. Ẹnìkan ṣoṣo ló bá a du ú: Múlíkà, obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Ìbídùn, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà, tó wá kọ́ wọn, gbé ẹ̀rọ kékeré kan irú rẹ̀ kalẹ̀.

"Gáàsì háídírójìn á gba ìhín wọlé láti inú àgbá," ló wí. "Fáànù yìí á fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé lọ́hùn-ún. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wọn. Ara awọ yẹn ni iná ti ń wá, omi á sì máa kán jáde nídìí ẹ̀rọ."

"Omi kẹ̀?" ni Láṣebìkan figbe bọnu.

"Omi ni, Bàbá. Agolo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ló sì ń fi ọ̀rinrin sí afẹ́fẹ́ kó tó wọlé, torí awọ yẹn ò gbọdọ̀ gbẹ."

"Bó bá gbẹ ńkọ́?" Múlíkà béèrè.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ àlàyé, àmọ́ ẹ̀rín Láṣebìkan bò ó mọ́lẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ máa ka ìwé yín lọ. Iná àti omi kì í sùn lórí ẹní kan."

Ní ọjọ́ kejì, kálukú gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sílé, kó lè fi tan gílóòbù níwájú Baálẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta náà, Láṣebìkan rí omi tó ń kán nídìí tirẹ̀.

"Mo mọ̀!" ló wí. Ó yọ agolo sọnù, ó fẹ́ inú ẹ̀rọ gbẹ, ó gbé e sórí páànù. Bí oòrùn ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń yí i padà.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Bàbá Sídí, ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ sá a?"

"Ṣé wọ́n ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀ ni?"

Nígbà tó di ọ̀sán, ìlú pé. Gílóòbù Múlíkà tàn rokoṣo. Ti Láṣebìkan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí oorun ń kùn, ó kú.

Ìbídùn tẹ́ etí sí ẹ̀rọ náà. "Bàbá, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo sá a ni."

"Ẹ sá a?"

"Ó tutù!"

Múlíkà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò kúkú fi iyọ̀ sí i, Bàbá, ká fi í se ọbẹ̀?"

Ẹ̀rín bú sáyé. Baálẹ̀ gan-an fi agbádá bo ẹnu. Ìbídùn ní awọ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Bí ipò ṣe di ti Múlíkà nìyẹn.

Láṣebìkan ṣí fìlà. Ó mọ ìlú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ó ti fi òun dá àpárá. Ló bá yáa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

"Ọ̀gá Múlíkà, ẹ kú oríire," ló wí. "Ẹ̀yin ará ilé, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́: gbogbo ohun tó tutù kọ́ là ń sá."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀dán bá fẹ́ fi oògùn àná wo àrùn tí kò tíì bi léèrè, àgbà kan á mi orí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kó rọra ṣe o. Gbogbo ohun tó tutù kọ́ là ń sá.