Ìka Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò

Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró, aya Ọ̀jẹ̀làdé. Orí ilẹ̀ amọ̀ pupa ni ìlú wọn wà, irú ilẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èrò ọ̀nà bí òjò bá rọ̀, tí iṣu kì í sì í ta níbẹ̀. Nítorí náà àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ ìkòkò. Ojú kan ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ẹbu. Wọ́n jọ ń gún amọ̀, wọ́n sì jọ ń sun ìkòkò nínú iná kan ṣoṣo. Obìnrin tí kò bá ní àyè ní ẹbu, kó yáa wá igi ṣẹ́ tà.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tó le ju ìyókù lọ: òkúta kò gbọdọ̀ kù sínú amọ̀. Èyí tí kò tó orí abẹ́rẹ́, bó bá wọná, yóò bẹ́. Ìkòkò yóò là, yóò sì ba ti ẹnìkejì jẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin láti máa wá òkúta. Wọn kì í fojú wá a. Ìka ni wọ́n fi ń wá a. Ìka á rọra gba ara amọ̀ lọ, á kan ohun tó ga, èékánná á yọ ọ́, ìka á tún ojú ibẹ̀ pa dé. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ìka rẹ̀ mọ òkúta wá bí Àwẹ̀ró.

Ìka náà ni kò wá mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí Àwẹ̀ró bá jókòó tí kò sí amọ̀ níwájú rẹ̀, ìka á gun apá rẹ̀ lọ. Bó bá kan irorẹ́, èékánná á yọ ọ́. Ibẹ̀ á di egbò, egbò á gbẹ, èépá á bò ó. Ìka á padà wá, á rí i pé èépá náà ga, á ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é, àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ. Ìgbà tó bá sì mọ̀, ó burú jùyẹn lọ. Á máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Eléyìí nìkan. Kó ṣáà tẹ́jú, mo ti ṣíwọ́."

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó gé èékánná rẹ̀ mọ́ ẹran. Eyín ló wá fi ń ṣe é. Ó fi àkísà di ọwọ́; ó tú u kó lè jẹun, kò rántí dì í padà. Ó fi omi ewúro pa apá. Ewúro kì í korò lẹ́nu ìka.

"Àbí àgbàdo ni ọ́ ni," Ọ̀jẹ̀làdé ọkọ rẹ̀ á ní, "tí o fi ń yín ara rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí? Ṣùùkù ni màá bá nílé lọ́jọ́ kan."

Àwẹ̀ró á bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á lọ sẹ́yìnkùlé, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkòkò omi ni àwọn ènìyàn ń rà jù lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan rí apá Àwẹ̀ró lọ́jà, ó ní ẹ̀tẹ̀ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn. Ẹṣin ló ń gùn. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹbu kọjá lọ sí ìlú kejì. Abọ́sẹ̀dé, tí òun àti Àwẹ̀ró jọ ń gún amọ̀, tọ Ìyá Ẹbu lọ, àgbà obìnrin tó ń ṣe olórí wọn.

"Ìyá, n kò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá ń sá fún apá rẹ̀, ìkòkò tèmi ni wọ́n ń sá fún yẹn."

Ìyá Ẹbu rí i pé òótọ́ ni. Ó ní kí Àwẹ̀ró lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ ìsunkòkò tó ń bọ̀. Bí egbò bá ti gbẹ lọ́jọ́ náà, kó padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá gbẹ, kó wá kó ẹrù rẹ̀.

Àwẹ̀ró jókòó sílé. Ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Egbò gbẹ, èépá sì bo gbogbo wọn. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ ìsunkòkò, ó wẹ̀, ó fi àdí para, ó sì rọra fi ìka tọ apá rẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ dára. Èépá kan ṣoṣo ló ga. Ó rò ó pé àwọn obìnrin ẹbu kò ní fi ojú wò ó nìkan, wọn yóò fọwọ́ kàn án, wọn yóò sì bá ibi gíga yìí pàdé. Ó ní kí òun kàn mú un bá ìyókù dọ́gba.

Nígbà tó fi máa dé ẹbu, ẹ̀jẹ̀ ti kan aṣọ.

"Òní náà?" Abọ́sẹ̀dé ké. "Òní yìí náà, Àwẹ̀ró?"

"Mo fẹ́ kó tẹ́jú ni."

"Ó ti tẹ́jú báyìí, àbí? Lọ kó ẹrù rẹ, jàre!"

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ìyá Ẹbu ní kó dúró. Ó bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí.

"Kí ni ìka rẹ ń wá níbẹ̀?"

"Òkúta ni, Ìyá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òkúta. Ṣùgbọ́n bó bá ti ga báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ nínú wọn. Ìyá Ẹbu ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Iná ẹbu ti jó o níbẹ̀ nígbà tó wà ní ìyàwó. Ó mú ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó gbé e lé ojú àpá náà.

"Ó dán?"

"Kò dán, Ìyá. Ó ga níhìn-ín, ó jìn lọ́hùn-ún."

"Ó ti jinná kí wọ́n tó bí ọ. Èmi náà wá ara mi àtijọ́ níbẹ̀ títí, n kò rí i. Nítorí iná la ṣe ń mú amọ̀ tẹ́jú. Ara tìrẹ, ta ló fẹ́ sun ún? Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, Àwẹ̀ró. Bí o bá ní àfi kó jọ ọ́, wàá wá a dé egungun."

Abọ́sẹ̀dé ní, "Àwọn oníbàárà wá ńkọ́, Ìyá?"

"Ẹni tó bá ní ẹ̀tẹ̀ ni, kó wá wo tèmi náà. Èmi ni mo mọ ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi mu omi. Àwẹ̀ró, wá sáyè rẹ."

Àwẹ̀ró kò ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, irọ́ ló ń pa. Ìyá Ẹbu ní kó máa fi ìṣù amọ̀ tútù tí wọn kò tíì ṣa òkúta inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo, kó máa ti ìka bọ̀ ọ́ bó bá ti ń lọ sápá. Ìka gbọ́ràn lọ́jọ́ kan, ó ṣàìgbọràn lọ́jọ́ kejì. Abọ́sẹ̀dé á ní, "Àwẹ̀ró, amọ̀ wà níwájú rẹ o," kò sì ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ egbò di àpá. Òmíràn ga, òmíràn jìn. Àwẹ̀ró fi èyí tó ga sílẹ̀ kó ga.

Lónìí, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹbu yẹn bá wí. Kò burú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò lè fi ara rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kó lè gbé ọwọ́ kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara.