Ìdí Tí Àrá Fi Ń Pẹ́ Dé Lẹ́yìn Mànàmáná

Nígbà láéláé, Àrá kì í pẹ́ dé. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mànàmáná, jọ ń rìn ni. Awọsánmà ni ìyá wọn.

Awọsánmà ní òkòtó kan tó ń pòyì lójú ọ̀run. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà òkòtó náà, bó bá sì kọ lu ọ̀kan, ó ti ṣubú nìyẹn. Ilẹ̀ ni àwọn ẹranko máa ń dúró sí ta á, láìfọwọ́ kàn án. Mànàmáná á gbé àwòrán rẹ̀ wá fi hàn wọ́n. Ẹni tó ń ṣeré á ní kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àrá á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òkòtó á sì yà.

Bí eré bá parí, Mànàmáná ni gbogbo wọn ń kí, torí òun ni ojú wọn ń rí. Kò sẹ́ni tó ń rántí Àrá. Bí wọ́n bá ti ń yin àbúrò rẹ̀, á dìde kúrò láàárín wọn.

Nígbà tó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀bọ jà sí igi àgbálùmọ̀ kan. Inú ihò igi náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bímọ sí, Ọ̀bọ sì ní òun lòun kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé ẹni tí òkòtó rẹ̀ bá pẹ́ jù kó tó ṣubú ni yóò ni igi.

Ọ̀bọ kọ́kọ́ ta, ó sì ta á dáadáa. Nígbà tó kan Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀rù bà á nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, ló bá kúnlẹ̀.

"Mànàmáná, ìwọ nìkan la gbójú lé," ó wí. "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ilé bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Àrá dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Òkòtó bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí òkúta níwájú, ó ní kó yà sósì. Àrá gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Kó tó dé ọ̀run, òkòtó ti kọ lu òkúta.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ inú ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Mànàmáná wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni."

"Wọn kò pè mí," ni Àrá dá a lóhùn. "Ìwọ nìkan ni wọ́n pè. Kí ìwọ nìkan bá wọn ṣe é."

Awọsánmà gbọ́. Ó ní kí Ọ̀bọ dá igi padà. Ọ̀bọ kò jiyàn, torí òun náà ti rí àwọn ọmọ tí ojú wọn kò tíì là. Ìyá wá yíjú sí Àrá.

"Ó dùn mí pé wọn kì í kí ọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ lo fi gbẹ̀san. Bí o ṣe yàn láti pẹ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa pẹ́."

Àrá bẹ̀bẹ̀ títí, ìyá rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí òjò míì ṣú, ó fẹ́ sáré bá àbúrò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Torí pé ọ̀rọ̀ àwọn tó jìnnà kì í tètè dé ọ̀run mọ́, eré òkòtó ọ̀run wá di ti àwọn tó ń gbé lórí òkè gíga, nítòsí awọsánmà. Àwọn tó wà ní àfonífojì kó ìkarahun ìgbín, wọ́n ń ta tiwọn nílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Mànàmáná ti ń kọ́kọ́ kọ mọ̀nà, tí Àrá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nítòsí kì í dúró pẹ́ kó tó gbọ́ ọ, ẹni tó jìnnà á dúró títí. Nígbà tó bá sì dé, tó ń kùn, tó ń pariwo pé òun náà wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti kọjá, ojú gbogbo ayé sì ti kúrò lókè.