Èèpo Tí Òjúolápé Sá

"Ẹni tó sá èèpo ló ń jẹran." Báwo ni èèpo tí à ń dà sí ààtàn ṣe di ẹran lẹ́nu èèyàn? Àwọn ará Ìgbórò ló ni òwe náà, obìnrin kan ló sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún wọn.

Òjúolápé lorúkọ rẹ̀. Opó ni. Abo àgùntàn kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì ti sọ ọ́ di méje. Àká méjì ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀: ọ̀kan fún àgbàdo tí òun àti Ọ̀dúnọlá àkọ́bí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù ń jẹ, èkejì fún oúnjẹ ẹran. Bí àwọn obìnrin bá bẹ ẹ̀gẹ́ tán, yóò ní kí wọ́n da èèpo rẹ̀ sínú agbọ̀n òun. Orí àpáta ló ń sá a sí, tí yóò máa yí i títí yóò fi gbẹ táútáú. Èyí tó bá ṣì tutù kò ní wọ àká, nítorí ó mọ̀ pé ẹyọ kan tó bu lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Baálẹ̀ Oyèékan ń kọjá lọ.

"Òjúolápé, ààtàn lo tún ń kó wọlé ni?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Baálẹ̀. Oúnjẹ àwọn ẹran mi ni."

"Koríko kún inú igbó, o wá ń sá èèpo! Ṣé iṣẹ́ ò tó ọ ṣe ni?"

Àwọn tó tẹ̀lé e bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Òjúolápé wọ eegun, ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbé agbọ̀n rẹ̀. Ó padà sídìí èèpo rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀, kò lọ. Iná jó gbogbo pápá. Àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹní. Àwọn èèyàn ń bu àgbàdo inú àká fún ẹran, títí ebi fi kọjú sí àwọn ọmọ. Ni wọ́n bá ta èyí tó ṣe é tà fún àwọn èrò ọ̀nà, ìyókù kú. Agbo Baálẹ̀ pàápàá ṣófo.

Lọ́dọ̀ Òjúolápé, èèpo ni ẹran ń jẹ láàárọ̀, èèpo náà ni nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi iyọ̀ díẹ̀. Kò bu ẹyọ àgbàdo kan fún wọn. Nígbà tí òjò dé, méjèèje pé.

Ọdún iṣu tuntun wá ku ọ̀la, kò sí àgbò ní Ìgbórò àfi ti opó. Baálẹ̀ kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wá.

"Ìyá Ọ̀dúnọlá," ó pè é, bẹ́ẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, "ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n àgbò ni mo wá tọrọ."

Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó ṣí àká kejì. "Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èèpo náà ṣì gbẹ, kò bu rárá.

"Ẹ mú àgbò ńlá yẹn. N kò ní í gba nǹkan kan. Ohun tí àgbò náà jẹ ni kí ẹ sọ lójú gbogbo ayé."

Baálẹ̀ sì sọ ọ́. Lọ́jọ́ ọdún, ó dìde láàárín àwùjọ: "Ẹ̀yin ará Ìgbórò, èèpo tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló bọ́ àgbò yìí. Ẹni tó sá èèpo ló ń jẹran!" Níṣojú àwọn ìjòyè, wọ́n gbé àyà àgbò náà fún Òjúolápé. Orí rẹ̀ wú. Ó jókòó, ó rọra jẹ ẹ́ tán.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fi ohun tí ò ń pèsè sílẹ̀ rẹ́rìn-ín, má dá wọn lóhùn, má sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó sá èèpo ló ń jẹran.