Àdúrà Olóyè Adéoṣùn

Ìgbéyàwó kékeré tí ẹbí méjì ń ṣe nínú pálọ̀ ni Fadérera máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó Ìbídùn ní Ìkìrun, ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kó ya òun pẹ̀lú ìyá òun, ṣùgbọ́n Olóyè Adéoṣùn, bàbá ìyàwó, tó ti kọ ìyá náà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, ti sọ ọ́ gbangba pé, "Tí ojú mi bá rí obìnrin yẹn níwájú kámẹ́rà, ìgbéyàwó yìí ti tú ká nìyẹn." Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń ro ọbẹ̀. Fadérera lọ kúnlẹ̀ síwájú Olóyè. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣàdúrà fún ọmọ yín kí n yà á." Ẹni tó bá ń wá àdúrà gígùn, ẹnu Olóyè ni kó lọ. Ó gbé ọwọ́ lé orí Ìbídùn, ó dijú pinpin. "Ohun rere rẹ kankan ò ní sọnù." "Àmín." Fadérera juwọ́ sí ilé ìdáná. Ìyá yọ́ wá, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé orí ọmọ rẹ̀, Fadérera sì yà wọ́n. Kí Olóyè tó tọrọ ọmọ tuntun tán, ìyá ti padà sídìí ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Olóyè yọ fọ́tò náà láàárín àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tí Fadérera kó wá, ó nà án sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo sọ fún ọ?" "Ojú yín ò kúkú rí i, bàbá. Àdúrà yín ni mo yà. Ẹ ní kí ohun rere rẹ̀ kankan má sọnù, òun ló wọlé wá yẹn. Ẹ lè fà á ya, ṣùgbọ́n gbogbo àdúrà yẹn ló wà nínú rẹ̀." Olóyè wo ọwọ́ méjèèjì tó wà lórí ọmọ rẹ̀ títí. "Gbé e padà sáàárín wọn," ó ní. "Mo ti tọrọ ọmọ-ọmọ mọ́ ọn."