Ìbídùn àti Orin Ewúrẹ́

Ohùn Ìbídùn dùn. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìdí-Àràbà, òun alára kì í sì í jiyàn rẹ̀. Bó bá ń kọrin lórí ìlà láàárọ̀, àwọn tó wà níwájú á máa bojú wẹ̀yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn. Kò jọ pé ọ̀dọ̀ Láòyè bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, nítorí Láòyè ò lè kọrin rárá. Nínú àdúrà ilé, bó bá ti fẹ́ lanu sórin, ìyàwó rẹ̀ á ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, àmín nìkan ni kẹ́ ẹ bá wa ṣe.” Òun náà á sì rẹ́rìn-ín, á ṣe àmín.

Ọkọ̀ agbégẹdú ni Láòyè ń wà. Bó bá wọlé lónìí, ọ̀la ló tún ń jáde, ojú ọ̀nà ló sì máa ń wà nígbà tí àwọn òbí yòókù bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wọn. Kò fojú ara rẹ̀ rí Ìbídùn lórí ìtàgé rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, kó tó gun ọkọ̀ lọ, ó di ọmọ rẹ̀ létí mú, ó ní, “Àwẹ̀ró mi, Ọjọ́ Òbí tó ń bọ̀ yìí, bí gẹdú bá ń jóná, kó máa jó. Màá wá wò ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìbídùn ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ló ń dé orí ìtàgé. Tíṣà Ọ̀ṣúnkúnlé tó ń kọ́ wọn ní eré ṣíṣe ní àṣà kan. Kì í fún wọn ní eré tí ẹlòmíràn ti kọ. Á pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, á ní, “Ẹ gbé tiyín kalẹ̀: ìtàn tiyín, orin tiyín, ijó tiyín.” Bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò ní wo àwọn òṣèré, ẹnu àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn ni á máa wò. Bí ègbè orin bá yí po yí po tí ẹnu wọn ò mì, eré náà kò lọ síbì kan. Ìtọ́wò ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Tíṣà á ní, “Ọbẹ̀ tí èèyàn ò tíì tọ́ wò, ṣé ó yẹ kó bù ú fún àlejò?”

Ọ̀wọ́ Ìbídùn ti rí ìtàn tó dára. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ewúrẹ́ ìyá àgbà kan jẹ gèlè ìyàwó, gbogbo agboolé wá ń lé e kiri. Ògúnṣọlá ló ṣe ewúrẹ́. Ó ń jẹ gèlè bí ẹni pé iyọ̀ wà lára rẹ̀. Ṣẹ́gilọlá, ọ̀rẹ́ Ìbídùn tóhùn rẹ̀ wúwo bí ìlẹ̀kùn àká, ni olórí àwọn elégbè. Ẹ̀rín pa wọ́n títí nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Orin nìkan ló kù. Ìbídùn ní, “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Ó jókòó tì í, ó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹni ń dirun ìyàwó. Nígbà tó gbé e dé, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀:

Ẹranko onírùngbọ̀n tí ń yan ní kùtùkùtù òwúrọ̀,
Ó gbé ẹwà arẹwà mì káló bí ìkookò inú igbó dúdú…

Ohùn rẹ̀ gòkè, ó wálẹ̀, ó lọ́, ó wé, ó tún gòkè. Bó bá dé ibi ègbè, ègbè àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ìkejì, ìkejì ò jọ ìkẹta.

“Ìbídùn,” Ṣẹ́gilọlá bi í, “ibo gan-an ni ká ti wọlé?”

“Ẹ ṣáà máa wo ẹnu mi.”

“À ń wò ó. Kì í pa dé!”

Ògúnṣọlá dáhùn láti ilẹ̀ tó wà, “Èmi ewúrẹ́ ti jẹ gèlè tán o, mo ti jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ pàápàá, orin ò tíì parí.”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ò kọ́ ọ dáadáa. Orin gidi kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé á kàn mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ọjọ́ ìtọ́wò pé. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní lanu, ṣùgbọ́n ìyanu ni wọ́n fi là á. Nígbà tí Ìbídùn na ọwọ́ pé kí ègbè ó wọlé, Ṣẹ́gilọlá ti wọlé ṣáájú, ẹnì kan wọlé lẹ́yìn, àwọn kan dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ojú ti Ògúnṣọlá fún gbogbo wọn, ló bá figbe ta, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Gbogbo kíláàsì kìíní gbè é pọ̀, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n bá wọn gbè lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Tíṣà kúrò nídìí fèrèsé. “Ìbídùn, ohùn rẹ dára. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yín ló mọ orin kọ jù yín lọ. Ìtọ́wò kan ló kù kí Ọjọ́ Òbí tó dé. Ẹ lọ tún un sè.”

Wọn ò tíì jìnnà sí kíláàsì tí ìjà fi dé. Ìbídùn ní Ṣẹ́gilọlá ló bà á jẹ́. Ṣẹ́gilọlá gbé ọwọ́ méjèèjì léra. “Ó dáa. Máa dá a, kó o sì máa gbè é fúnra rẹ. Ká bá ọ gbé dígí sórí ìtàgé, kí ìwọ àti òjìji rẹ jọ máa kọ ọ́.”

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, awakọ̀ kan tó pàdé Láòyè lójú ọ̀nà yà sílé wọn láti jíṣẹ́. “Ìbídùn, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ti ra bàtà tí òun máa wọ̀ wá wo eré.” Ìbídùn kí i pé ó ṣeun. Ó wọ yàrá, ó jókòó sórí ẹní. Kò rántí ìgbà kan tí bàbá rẹ̀ ra bàtà fún òde kankan. Ó wá ń rí i lọ́kàn bó ṣe máa jókòó tòun ti bàtà tuntun, kó máa wo eré ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́sẹ̀ náà, iṣẹ́ oko dé, gbogbo kíláàsì jáde lọ ṣán koríko pápá. Ṣẹ́gilọlá ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, koríko tí wọ́n ń ṣán sì ti bò ó. Ó wá a títí. Ó nàró, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó fi orin béèrè:

“Ta ló rí bàtà mi o?”

Ẹnì kan tí kò gbórí sókè rárá dá a lóhùn, “Ó ti kọjá lọ!”

“Ta ló bá n wá a rí o?”

“Ó ti kọjá lọ!” Àwọn tó dáhùn ti pọ̀ sí i. Nígbà tí yóò fi dá a lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ìlà ti gbè é, àdá gbogbo wọn ń balẹ̀ pọ̀ lórí “lọ”. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Ṣẹ́gilọlá lè wá bàtà mọ́.

Ìbídùn náà ti ń gbè. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dá àdá dúró. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó máa wo ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ó fi ẹsẹ̀ tú koríko títí ó fi rí sálúbàtà náà, ó gbé e tọ Ṣẹ́gilọlá lọ.

“Gba bàtà rẹ.”

“Háà, o rí i? Mo rò pé ó ti kọjá lọ ni.”

“Ṣẹ́gi, jọ̀ọ́, fún mi lórin yẹn.”

“Orin bàtà?” Ṣẹ́gilọlá fọwọ́ kan iwájú orí Ìbídùn bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é. “Ìwọ Ìbídùn? Kò mà ní ìkookò inú igbó dúdú nínú o.”

“Mo mọ̀. Ewúrẹ́ la máa fi sípò bàtà. Ìwọ ni kó o dá a, èmi á gbè.”

Ṣẹ́gilọlá wò ó, ìbínú tó ṣẹ́ kù lójú rẹ̀ yọ́. “Rárá o. Ohùn tèmi yìí, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń gbé. Ìwọ dá a. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dá a ni kó o dá a. Má lọ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.”

Wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́wò kejì. Ìbídùn ò tíì dá a tó ẹ̀ẹ̀mejì tí kíláàsì kìíní fi gbà á lẹ́nu wọn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Nídìí fèrèsé, ẹnu Tíṣà náà ń mì.

Ọjọ́ Òbí dé, gbọ̀ngàn kún. Ìbídùn wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò rí bàbá rẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ gèlè, ìyàwó ké, ìyá àgbà bọ́ sóde. Orin ti wọra dáadáa nígbà tí ọkùnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, eruku gẹdú ṣì wà léjìká aṣọ rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà tuntun ń há lẹ́sẹ̀. Ìbídùn rí i, ó gbé orin náà sókè.

“Ta ló rí ewúrẹ́ mi o?”

“Ó ti kọjá lọ!” ni gbogbo gbọ̀ngàn ń wí.

Wọ́n mú ewúrẹ́, eré parí. Kí àtẹ́wọ́ tó dún, ohùn kan ta láti ẹ̀yìn, ó há bí ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò fẹ́ jí:

“Ó ti kọjá lọ!”

Òun nìkan ló wí i. Gbogbo èèyàn yíjú wẹ̀yìn, ẹ̀rín ta. Láòyè ṣí fìlà, ó fi bo ẹnu.

Ìbídùn ì bá ti tẹrí ba kó wọlé lọ. Kò wọlé. Ó tún jáde síwájú ìtàgé, bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wò, ó wá rọra dá a:

“Ta ló rí ewúrẹ́ mi o?”

Láòyè sọ fìlà kalẹ̀. Ó lanu, gbọ̀ngàn sì tẹ̀ lé e, “Ó ti kọjá lọ!” Ògúnṣọlá tó ti jókòó ní láti tún gbé gèlè sẹ́nu, ó tún bẹ́ sáré.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyàwó Láòyè di ẹnu mú. “Bàbá Ìbídùn, ẹ̀yin náà gbe orin?”

Ṣẹ́gilọlá kúnlẹ̀ kí i. “Bàbá, ta ló kọ́ yín? Ẹ ò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Láòyè fa Ìbídùn mọ́ra, ó fọwọ́ nu òógùn imú rẹ̀. “Kọ́ bíi ti báwo? Àwẹ̀ró mi ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, èmi kàn wọlé ni.”

Àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ náà ti di àgbà báyìí, wọ́n ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí ọ̀rọ̀ ilé àti ti ìlú. Bí ẹnì kan bá gbé ètò tó lọ́jú pọ̀ síwájú wọn, tó wá ń bínú pé àwọn èèyàn ò bá òun ṣe é, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á rántí gèlè ìyàwó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé orin tí kò bá ṣòroó dá, kì í ṣòroó gbè.