Àmì Méjì fún Ilé Ìgbẹ̀bí Kan

"Bí àmì bá di méjì lẹ́nu ọ̀nà, àlejò a kọjá lọ." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé tí ó ti ṣẹ̀?

Ilé ìgbẹ̀bí kan ni, ní Ìsàlẹ̀ Odò, ní ìlú Òkè-Ìrókò. Fẹ́hìntọlá ni agbẹ̀bí ibẹ̀. Jòsáyà ọkọ rẹ̀, tí ó máa ń pè ní Bàbá Mofẹ́, ló ṣe ìkànnì ilé náà sórí ayélujára kí ó tó kú. Lẹ́yìn ojú ìwé tí gbogbo ènìyàn ń rí, ó kọ àmì kan tí ẹ̀rọ aṣàwárí, èyí tó ń bá ènìyàn wá nǹkan lórí fóònù, nìkan ń kà: orúkọ ilé, àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ní ọdún kejì ikú rẹ̀, odò ya wọ ilé náà. Fẹ́hìntọlá kó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́bàá títì. Dúrójayé, àbúrò olóògbé, wá kọ àmì tuntun tó ní àdúgbò tuntun náà.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Bàbá Mofẹ́ ló kọ ọ́. Ẹ kọ tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Àmì méjì fún ilé kan? Ẹ̀rọ kò ní gba ọ̀kankan gbọ́ o."

"Ṣé ẹ̀rọ ló bá mi sin ọkọ mi ni?"

Dúrójayé kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àjèjì kan tó ń jẹ́ Oyèníran fi mọ́tò gbé aya rẹ̀ tó ń rọbí wọ ìlú. Ó bi fóònù rẹ̀ léèrè ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀rọ rí ilé kan ní ibi méjì. Kò dá a lójú, kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá. Ilé ìwòsàn tó jìn ní ìrìn wákàtí kan ló júwe. Fẹ́hìntọlá ń ká aṣọ ọmọ lójú fèrèsé nígbà tí mọ́tò náà sáré kọjá.

Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Kò ké.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Oyèníran gbọ́ nípa ilé náà, ó sì wá.

"Ìyá, ẹ wà níbí lọ́jọ́ náà?"

"Mo wà níbí."

"Ẹ wà níbí," ó tún un sọ, ó sì yí padà lọ.

Fẹ́hìntọlá ránṣẹ́ pe Dúrójayé. "Ẹ wá pa ti ọkọ mi rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á sí mi létí ná." Dúrójayé kà á dé ìparí. Nọ́ńbà Jòsáyà gan-an ló wà níbẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tí yóò gbé e mọ́.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tí kò lè fi ohun àná sílẹ̀, tó wá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un: bí àmì bá di méjì lẹ́nu ọ̀nà, àlejò a kọjá lọ. Wọn kì í pa á fún ẹni tí àlejò ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyẹn ti mọ̀ ọ́n.