Èédú Tí Làmídì Sin

Làmídì ni ọ̀gá àwọn tó ń sun èédú lábúlé wa. Lọ́dún tí ooru le kọjá ààlà, àwọn onímọ̀ kan wá láti ìlú ńlá. Wọ́n ní kí a sun pòpórò àgbàdo di èédú, kí a sì sin ín sínú oko, pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń mú ayé gbóná yóò bá a wọlẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé Làmídì lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Sínábù lọ ṣa èso òrí lóko. Òrí tó ń ṣe tà ló fi ń jẹun. Kùkùté mẹ́fà ló bá, ló bá ránṣẹ́ pe Làmídì.

"Làmídì, igi òrí mi dà?"

"A ti sun wọ́n, a ti sin wọ́n, Ìyá. Ayé máa tutù."

"Ṣé pòpórò kọ́ ni wọ́n ní kí o sun?"

"Èédú pòpórò? Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Kí wọ́n wá hú èédú yẹpẹrẹ nílẹ̀, kí wọ́n ní Làmídì ló sun ún?"

"Ogún ọdún ni mo fi dúró kí wọ́n tó so."

"Nítorí ooru yìí náà ni, Ìyá."

"Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìwọ ni wọ́n ń bá wí."

Làmídì nu òógùn ojú. "Oòrùn yìí mú jù. Ẹ jẹ́ ká wá ibòòji kan, ká fara balẹ̀ sọ ọ́."

Ìyá Sínábù jókòó sórí kùkùté. "Ìwọ lo sin ín. Lọ hú u wá."